Ráútà Tí Mo Fi Ń Kọ́ Ọmọ Wa Ní Ìdálẹ̀

Mo fẹ́ jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Àkóbọ̀ ni mò ń gbé n'Íbàdàn. Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí òkè òkun ní Yorùbá. Àwọn kan wà ní London, àwọn kan ní Manchester, àwọn kan ní Houston. Owó iṣẹ́ yìí la fi ń jẹun nílé wa báyìí, òun náà la fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọkọ mi. Gbogbo ohun tí mo bá sì ní í sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, inú ráútà onísíìmù kan ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ráútà bá dákẹ́, iṣẹ́ mi dákẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ síta nígbà tí ọ̀rọ̀ ráútà yìí le. Ẹ̀rù máa ń bà mí nírọ̀lẹ́. Èmi tí mo ti dúró níwájú kíláàsì tí ọmọ kún fọ́fọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bó bá ti ku díẹ̀ kí àkókò ẹ̀kọ́ tó, àyà mi á máa já. Ojú mi kò ní kúrò lára àwọn iná kéékèèké tó wà lára ráútà. Bí ọ̀kan bá ti pọ́n nínú wọn, oúnjẹ alẹ́ ò ní wù mí jẹ mọ́. Ọkọ mi á ní ṣé nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ni mo ṣe fajú ro báyìí. Mi ò lè dá a lóhùn. Ohun tó ń bẹ lọ́kàn mi ni pé àwọn òbí ọmọ yóò sọ pé mo ti dàgbà jù fún iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn á sì rọra lọ wá ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ kì í já.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí mò ń kọ́, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀. Ìyá yìí fẹ́ kí ọmọ òun lè ki ìyá àgbà ní oríkì ìdílé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ ọjọ́ ìbí mámà. Èmi á kì í síwájú, ọmọ á gbà á lẹ́nu mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìlà kan ṣoṣo ni mò ń sọ lásọtúnsọ. Ọmọ ní, "Mà, mi ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀." Mo tún un sọ. Ó ní, "Mà, ó tún ti já." Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ yọjú, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó yíkàá níwájú kámẹ́rà, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ṣé ká fi dúró ná títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín á fi dáa?" Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ẹni tó bá ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré lè fi òye dí àlàfo bí ohùn bá já lórí fóònù. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ló ti ń gbọ́ ọ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí sílébù kan bá sọnù, tàbí tí ohùn òkè bá rẹlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó dà bíi ti ìsàlẹ̀, bó ṣe gbọ́ ọ yẹn náà ni yóò há a sórí, ó sì lè tó ọdún kan kí n tó rí i yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé n ó fara balẹ̀ wá ráútà tó ṣeé gbọ́kàn lé, n ò sì ní fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìjẹ́ pé èmi fúnra mi lóye rẹ̀.

Ẹni tó bá lọ sí Queen Cinema n'Íbàdàn, tàbí Computer Village n'Íkẹjà, yóò rí i pé eré àti àǹtẹ́nà ni wọ́n fi ń polówó ráútà. Èyí tí àǹtẹ́nà rẹ̀ pọ̀ jù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde. "Mọ́mì, eléyìí ló ń sáré jù." Nọ́ńbà gàǹgà á sì wà lára páálí rẹ̀. N kò ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ nọ́ńbà náà wò. Ráútà tí wọ́n kọ AC1200 sí lára, mẹ́gábíìtì 300 tó wà lórí ìgbì 2.4GHz àti 867 tó wà lórí 5GHz ni wọ́n rò pọ̀, tí wọ́n sì sọ di odidi. Fóònù àti kọ̀ǹpútà tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lo ìgbì méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àárín ráútà sí fóònù tó wà nínú ilé ni nọ́ńbà yẹn ń wí. Kò kan iye tó ń wọlé láti ìta. Bó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì mẹ́wàá ló ń ti orí máàsì, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọlé, kò sí ráútà tó lè sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún.

Kíláàsì orí Zoom pàápàá kì í béèrè eré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tó ń rí ara wọn, tí wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn kedere, mẹ́gábíìtì kan sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó wọn. Ohun tí wọ́n nílò ni pé kí díẹ̀ yẹn má dáwọ́ dúró, kó má sì máa pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọmọ tó ń wo fíìmù lè má mọ̀ rárá bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, torí fóònù rẹ̀ ti kó apá kan fíìmù náà pamọ́ síwájú. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójúkojú kò ní ibi tó kó ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú pamọ́ sí. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn òǹtajà kì í dárúkọ. Iye tó ń wọlé ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀n, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ló ń rán ohùn àti àwòrán jáde. Bí ẹ bá fẹ́ fi ráútà ṣiṣẹ́ bíi tèmi, èyí tó ń jáde ni kí ẹ máa wò. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí, mo gbé ojú kúrò lára eré. Ráútà tí yóò dúró ni mò ń wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tó ń so wáyà kọ̀ǹpútà fún àwọn ọ́fíìsì ní Bódìjà, ló là mí lóye. Mo ní, "Ọmọ mi, wá bá mi yan ráútà." Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yan ibi tí ráútà máa jókòó." Ó yọ ráútà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀, ó fi wáyà ẹ́ksítéńṣọ̀n gígùn kan tàn án, ó wá tẹ àdírẹ́sì ráútà náà, 192.168.8.1, sórí fóònù rẹ̀. Ojú ewé kan ṣí tí mi ò rí rí. Ó ní kí n máa wo nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ RSRP sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ti orí máàsì bọ̀ ṣe tó. Abẹ́ òdo ló máa ń wà, nítorí náà bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, -114 ló wà. A gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di -109. Nínú yàrá tí mo ti ń kọ́ ọmọ, ó padà sí -112. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ráútà sápá, èmi gbé wáyà tẹ̀lé e, a gun òkè pẹtẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí a gbé e sí ojú fèrèsé tó kọjú sí títì, nọ́ńbà náà wá sí -87. Mo ní kó tún un gbé sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè rí i dájú. Ó gbé e sẹ́yìn, ó tún burú. Ó dá a padà sójú fèrèsé, ó dára. A ò tíì ná kọ́bọ̀. Síìmù kan náà ni, ráútà kan náà ni.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀, omi lé ròrò sí mi lójú. Gbogbo àṣálẹ́ tí mo ti fi bínú, ara ògiri ilé wa ni ẹ̀bi rẹ̀ wà.

Bulọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ́ ilé wa, dẹ́kìn sì wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Irin inú kọnkéré, ilẹ̀kùn irin, irin ojú fèrèsé àti páànù orí ilé, gbogbo wọn ló ń dá ìgbì rédíò padà. Ìgbì náà sì tún ju ọ̀kan lọ. Èyí tó kéré, bíi 700 tàbí 800MHz, máa ń lọ jìnnà, ó sì máa ń wọ ògiri dáadáa. Èyí tó ga, bíi 2600MHz, lè gbé ẹrù púpọ̀ ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ògiri. Òun ló fà á tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹnì kan ń yìn ní òpópónà kejì fi lè má wúlò nínú yàrá tiyín.

Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kó yá síìmù oríṣiríṣi lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kó máa fi wọ́n sínú fóònù kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tí ráútà máa jókòó gan-an, kó sì jẹ́ pé alẹ́ ni yóò dán an wò. Alẹ́ ni gbogbo àdúgbò dé láti ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń fa dátà lórí máàsì kan náà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣe dáadáa ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lè máa wọ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ọmọ London ti ilé ìwé dé, tó jẹun tán, tó ṣe tán láti kọ́ Yorùbá.

Nítorí èyí náà ni mi ò ṣe fẹ́ ráútà tí wọ́n ti tì mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Owó rẹ̀ máa ń dínkù lóòótọ́, ó sì dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé máàsì kúrò, tàbí tí èrò pọ̀ jù lórí rẹ̀, onítọ̀hún á kàn máa wo ráútà rẹ̀ ni. Èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo síìmù ni mo rà. Bàbá ọmọ kan ní Houston tilẹ̀ fẹ́ ra ráútà onísíìmù ránṣẹ́ sí mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ gidigidi, mo ní kó dá owó rẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbì tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń gbé 4G wọn kì í ṣe èyí tí àwọn tiwa ń lò, nítorí náà ráútà tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ lè dé ibí kó má gbọ́ ohun tí máàsì wa ń sọ. Bí ẹ bá ní ará lókè òkun tó fẹ́ fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ta yín lọ́rẹ, ẹ ní kó kọ́kọ́ ka àwọn ìgbì tó wà lára páálí fún yín.

Ó ku bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe máa ti ojú fèrèsé òkè dé yàrá mi nísàlẹ̀. Wi-Fi kì í ṣe nǹkan tuntun, láti 1997 ni wọ́n ti gbé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì borí ògiri. Ráútà òde òní máa ń pín in lọ́nà méjì. 2.4GHz ń lọ jìnnà, ó sì ń la ògiri kọjá díẹ̀, àmọ́ orí rẹ̀ ni ráútà gbogbo aládùúgbò wà, orí rẹ̀ náà ni máíkírówéèfù ilé ìdáná ń pariwo sí bí wọ́n bá ń fi gbé oúnjẹ gbóná. 5GHz yára, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ògiri méjì ti tó láti pa á. Ráútà dà bí àtùpà: ẹni tó bá gbé àtùpà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ retí pé kí ó mọ́lẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ojú gbangba ló yẹ kó wà, lókè, kó jìnnà sí fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti dígí ńlá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní kí n má fi kíláàsì sórí Wi-Fi rárá. Ó ra wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Cat6 ni wọ́n ń pè é, ó fà á gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ dé orí tábìlì mi, ó sì fi so kọ̀ǹpútà mi. Irú wáyà yẹn lè gùn tó ọgọ́rùn-ún mítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, ilé tani yóò tó bẹ́ẹ̀? Kò sí máíkírówéèfù tó lè dí i lọ́wọ́. Mo rò pé nínú gbogbo ohun tí mo rà, wáyà yìí ló wúlò jù, òun ni ẹnikẹ́ni kì í sì í dárúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra ráútà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ wo ihò tí wọ́n kọ LAN sí. MiFi kékeré tí à ń fi sápò dára fún ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ihò yẹn, ìwọ̀nba fóònù díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà.

Ó wá ku iná. Orí èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi jù, nítorí òun ló ń ba ráútà tó dára jẹ́ nílẹ̀ wa. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ínfátà wa máa ń gbà á lójú ẹsẹ̀, gílóòbù kàn máa ṣẹ́jú ni. Àwa rò pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ráútà kan, ìṣẹ́jú yẹn ti pọ̀ tó láti kú. Yóò kú, yóò tún tan, yóò wá máàsì kiri, yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín Wi-Fi. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí gbogbo rẹ̀ tó pé, nígbà yẹn ọmọ ti lọ bá géèmù rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti tú nìyẹn. Bí iná bá tún padà dé, tí ínfátà yí sí iná ìjọba, ó lè tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń ta UPS kékeré kan fún ráútà, kò ju ìwọ̀n fóònù méjì tí a tò léra lọ. Bátìrì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ ń ki ṣájà ráútà bọ̀ ọ́, wáyà kúkurú kan á ti inú rẹ̀ wọ ráútà. Bí iná lọ, bí ó dé, ráútà kò ní mọ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà ilé ló ń jẹ 12V, àwọn kan ń jẹ 9V tàbí 5V, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. UPS gbọ́dọ̀ bá a mu. Mo gba gbogbo ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì jẹun nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín owó ráútà kù kí wọ́n lè ra èyí mọ́ ọn.

Lẹ́yìn V tó wà lára ṣájà, A wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Aládùúgbò wa kan ní ráútà tó máa ń kú fúnra rẹ̀, alẹ́ nìkan ló sì ń kú. Ó ti fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá kí n rí i, tòun ti ṣájà rẹ̀." Mo wọ ìgò ojú mi, mo yí ráútà dojú dé. Wọ́n kọ 12V, 2A sí ìdí rẹ̀. Mo gbé ṣájà sókè sí ìmọ́lẹ̀: 12V, 0.5A. Ti àkọ́kọ́ ti jóná, wọ́n sì lọ ra èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ ihò. Lọ́sàn-án tí ilé dá, ohun tí ráútà ń jẹ kéré, ṣájà yẹn ń gbé e. Lálẹ́ tí gbogbo ọmọ dé, tí fóònù so mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, agbára tó ń béèrè á ju èyí tí ṣájà lè fún un lọ, á kú. Wọ́n ra ṣájà 2A, ráútà náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ooru náà ń pa á. Àwa ìyá nílẹ̀ yìí fẹ́ràn láti fi aṣọ léèsì bo gbogbo nǹkan tó bá ń lo iná nítorí eruku ọyẹ́. Ẹ má fi bo ráútà. Àwọn ihò tóótòòtó tó wà lára rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà mí. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ń gbá eruku kúrò lára tèmi. Ojú fèrèsé tó wà náà, mo ta kọ́tìnì sí i kí oòrùn ọ̀sán má bàa pa á.

Lẹ́yìn tí a ṣe gbogbo èyí, ọmọ nọ́ọ̀sì kọ́ oríkì náà tán. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ìyá rẹ̀ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ dúró níwájú mámà, ó kì í láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ síbi tó yẹ kó lọ, mámà sì ń dá a lóhùn lórí ìjókòó. Mo ti gba ẹ̀bùn níbi ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí, èmi ò rí èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara tó èyí.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ààbò náà wà: ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá ráútà wá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e wọlé, ti Wi-Fi àti ti ojú ewé tí a ti ń tún un ṣe. Ti ojú ewé yìí, "admin" ló máa ń bá ọ̀pọ̀ ráútà wá, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 fún ààbò, kí ẹ sì pa WPS. Fún àlejò, ẹ ṣí Wi-Fi àlejò lọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ ráútà ló ní in. Kì í ṣe ahun ni. Fóònù àlejò kan tó bá ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí Wi-Fi lásìkò tí mò ń kọ́ ọmọ lè fa ohùn mi ya. Bí ẹ bá sì ń rà á, ẹ bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń gbé àtúnṣe jáde fún un. TP-Link, Huawei, ZTE, gbogbo wọn ló ní èyí tó dára àti èyí tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, orúkọ nìkan kò tó.

Àwọn ìgbà kan wà tí ọwọ́ ráútà mọ́ pátápátá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Côte d'Ivoire: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Àwọn báǹkì kan pàápàá kò lè dá oníbàárà lóhùn. Àwọn ènìyàn ń pa ráútà, wọ́n ń tàn án, àwọn kan tilẹ̀ tún ọ̀tun rà. Èmi ṣí ojú ewé 192.168.8.1, mo rí i pé RSRP wà níbi tó máa ń wà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa. Mo fi ìpè fóònù lásán sọ fún àwọn òbí pé ká sún ẹ̀kọ́ síwájú. Ẹ̀rù kò bà mí lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn sì jẹ́ ohun ọpẹ́ lójú mi.

Àwọn ọmọ mi ti ń sọ nípa 5G, tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún gbogbo ènìyàn lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, àti Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì onísátẹ́láìtì, tó dé Nàìjíríà lóṣù Kìíní ọdún 2023, kó tó dé orílẹ̀-èdè mìíràn kankan ní Áfíríkà. Mo ti rí Starlink ní òkè ilé ẹnì kan ní òpópónà wa. Ó dára lóòótọ́, ní pàtàkì fún ẹni tí máàsì jìnnà sí, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ ju ti ráútà kékeré lọ fíìfíì, UPS mi kò sì lè gbé e. Fún 5G, ìbéèrè tí mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mo máa bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tà á fún mi: mélòó ni ojú fèrèsé wa yóò fi hàn, lálẹ́?

Fáíbà, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ni mò ń retí ní tèmi. Wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bọ̀ lójú títì. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, n ó gbà á, torí kò sí ọ̀rọ̀ máàsì nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ráútà onísíìmù náà yóò ṣì wà lójú fèrèsé pẹ̀lú UPS rẹ̀, dátà díẹ̀ yóò sì máa wà lórí síìmù rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí àwọn tó ń gbẹ́ kòtò omi ládùúgbò wa kì í bèèrè ibi tí wáyà gbà kí wọ́n tó sọ ọkọ́ mọ́lẹ̀.